Ojú Tí Ń Fà Kì Í Ṣe Ojú Tí Ó Mọ́

Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ó ti jẹ́ àṣà ní ilẹ̀ Yorùbá pé ọmọ tí a bí ire, tí a sì kọ́ ire, kò gbọdọ̀ jí ní òwúrọ̀ kí ó lọ dọ̀bálẹ̀ tàbí kí ó lọ kúnlẹ̀ kí àgbà kankan, bí kò bá tíì bu omi bọ́jú kí ó sì run orín. Nítorí ojú ni ọba ara, òun sì ni àlejò máa ń kọ́kọ́ rí kí ó tó mọ ìwà tí ó wà nínú ẹni. Síbẹ̀, nínú gbogbo iṣẹ́ tí à ń ṣe láti ìdájí títí di alẹ́, n kò mọ èyí tí à ń ṣe láìfarabalẹ̀ tó ojú bíbọ́: a bu omi, a fi ọṣẹ tí ó bá sún mọ́ ọwọ́ ra ojú, a fi kànìnkànìn tí a fi fọ ẹsẹ̀ ha á, a fi aṣọ ìnura nù ún gìdìgìdì, ó parí. Bí a bá sì bi ẹni tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ pé báwo ni ó ti ṣe mọ̀ pé ojú òun ti mọ́, èsì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò fún wa ni pé ojú náà ti ń fà, pé ó ti gan, pé kò sí òróró kankan lórí rẹ̀ mọ́. Èyí gan-an ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé jíròrò lé lórí, nítorí pé ojú tí ń fà lẹ́yìn tí a bọ́ ọ tán kì í ṣe ojú tí ó mọ́. Ojú tí a ti gba ohun ìní rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ni.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa yékéyéké, ó yẹ kí á mọ bí Ẹlẹ́dàá ti to awọ ara ènìyàn. Ipele tí ó wà lókè pátápátá, èyí tí ọwọ́ wa ń kàn, jẹ́ ti àwọn sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti kú tí wọ́n sì ti le, tí a tò léra wọn bí ẹni to bíríkì, tí ọ̀rá tí ara fúnra rẹ̀ ń pèsè sì dúró láàárín wọn bíi símẹ́ǹtì. Gbogbo rẹ̀ kò nípọn tó bébà tí a fi tẹ ìwé ìròyìn, síbẹ̀ òun ni kì í jẹ́ kí omi inú ara gbẹ tán, òun ni kì í sì í jẹ́ kí eruku, èéfín àti kòkòrò àìsàn ráyè wọlé sí wa lára. Láti ìsàlẹ̀ ni awọ tuntun ti ń gòkè wá, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ó sì ń gbà kí ó tó dé òkè kí ó sì re dànù fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ha á. Nínú ihò tí irun ara ti ń hù ni àwọn kókó wínníwínní kan ti ń sun òróró sí ojú awọ. Àtẹ́lẹwọ́ kò ní wọn rárá, ṣùgbọ́n wọ́n pọ̀ lójú bí nǹkan míì, àgàgà ní iwájú orí, ní imú àti ní àgbọ̀n.

Ní ọdún 1928 ni àwọn dókítà 2 ní ilẹ̀ Jámánì, Heinrich Schade àti Alfred Marchionini, kọ̀wé pé ìbòrí tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lójú awọ ènìyàn tí ó kan díẹ̀, tí òógùn àti òróró ara jùmọ̀ ń pèsè. Òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ fi ń wọn bí nǹkan ti kan tó, èyí tí wọ́n ń pè ní pH, bẹ̀rẹ̀ láti 0, ó sì parí sí 14: omi tí kò ní àbùlà wà ní 7, ohun tí ó bá kan kò tó 7, ohun tí ó bá sì jẹ́ ti ìran omi eérú yóò ju 7 lọ. Awọ ojú wa wà ní nǹkan bíi 5. Ọṣẹ tí a fi eérú tàbí kọ́sítíìkì sódà sè, ìbáà ṣe dúdú ìbáà ṣe funfun, ìbáà ṣe èyí tí ń ta sánsán, sábà máa ń wà láàárín 9 àti 10. Bí irú ọṣẹ bẹ́ẹ̀ bá ti kan ojú, ìbòrí tí ó kan yẹn yóò ṣí, ó sì lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí kí ó tó padà bọ̀ sípò. Bẹ́ẹ̀ ni ọṣẹ kò mọ òróró àlejò yàtọ̀ sí òróró onílé. Bí ó ti ń kó èyí tí ó bá eruku wọlé lọ, bẹ́ẹ̀ ni ó ń kó èyí tí ó di awọ mú lọ. Fífà tí ojú ń fà náà ni àmì pé onílé ti bá àlejò lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo ń tàbùkù ọṣẹ dúdú, ohun àmúyangàn ìran wa, tí Ọlọ́run fi jíǹkí àwọn ìyá wa kí aláwọ̀ funfun tó gbé tirẹ̀ dé. Ẹni tí ó bá ti dúró ti àwọn tí ń sè é yóò mọ̀ pé iṣẹ́ ọpọlọ ni. Wọn a sá èèpo kòkó àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà sí oòrùn títí yóò fi gbẹ ganrangan. Wọn a sun ún di eérú. Wọn a kó eérú náà sínú ajere tí wọ́n gbé ka orí ìkòkò mìíràn, wọn a sì máa da omi lé e díẹ̀díẹ̀, tí omi rúsúrúsú kan yóò fi máa kán tó, tó, tó sí ìkòkò ìsàlẹ̀. Omi yẹn kì í ṣe ẹgbẹ́ ọmọdé. Ẹni tí ó bá ta sí lára níbi tí ó ti bó yóò pariwo. Wọn a gbé e kaná títí yóò fi ki, wọn a wá da àdín tí wọ́n fi èkùrọ́ ṣe sí i, wọn a sì máa rò ó títí òun àti àdín yóò fi di ọ̀kan, tí yóò ki mọ́ orógùn lára. Níbi yìí ni ọgbọ́n wà: bí àdín bá pọ̀ ju omi eérú lọ, ọṣẹ náà yóò rọ̀ mọ́ awọ, bí omi eérú bá borí àdín, yóò máa ta ni lójú bí ata. Ọwọ́ ìyá kan yàtọ̀ sí ti èkejì, ìsè òní sì lè yàtọ̀ sí ìsè oṣù tí ń bọ̀ lọ́dọ̀ ìyá kan náà. Nítorí náà, ẹni tí yóò bá fi ọṣẹ dúdú bọ́jú, kí ó bu èyí tí kò tó ẹyọ èkùrọ́ kan, kí ó fi omi pò ó lọ́wọ́ títí yóò fi hó dáadáa, ìhó yẹn ni kí ó sì fi kan ojú. Kí ó má ṣe gbé odindi rẹ̀ ra ojú, nítorí wóró eérú tí kò yọ́ tán máa ń wà nínú rẹ̀, ó sì máa ń ha ni.

Nígbà tí ó di ọdún 1923, tí ilé-iṣẹ́ Lever Brothers fìdí kalẹ̀ ní Nàìjíríà láti máa ṣe ọṣẹ, ọṣẹ onípáálí bẹ̀rẹ̀ sí di ohun tí ará ìlú ń fọwọ́ bà, ṣùgbọ́n ọṣẹ náà ni òun náà ń jẹ́. Òórùn dídùn kò yí ìṣe rẹ̀ padà. Ní ọdún 1957 ni wọ́n mú irú mìíràn jáde ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n pè ní Dove, tí ó rí bí ọṣẹ, tí ó ń hó bí ọṣẹ, ṣùgbọ́n tí kì í ṣe eérú tàbí kọ́sítíìkì ni ó fi ń fọ nǹkan. Láti ara irú rẹ̀ ni a ti ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọṣẹ ìbọ́jú olómi tí ó wà lórí àtẹ lónìí, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní fésìwọ́ọ̀ṣì. Wọn kì í gbé awọ kúrò ní ipò rẹ̀ tó bí ọṣẹ gidi ti ń ṣe. Ẹ má wulẹ̀ wo àwòrán arẹwà tí wọ́n yà sí iwájú ike wọn. Ẹ yí ike náà sẹ́yìn kí ẹ kà á bóyá wọ́n kọ pH 5.5 sí i, bóyá gilisẹrín wà nínú rẹ̀, àti bóyá lọ́fínńdà kò sí nínú rẹ̀. Ìyẹn ni ó yẹ kí á sanwó fún.

Ìka kò dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni awọ kò rí bákan náà, àní láàárín ọmọ ìyá tí wọ́n jọ mu ọmú kan náà. Awọ tí ó gbẹ wà, awọ olóròóró wà, awọ àdàlù wà, tí iwájú orí àti imú rẹ̀ ń dán tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì gbẹ, awọ ẹlẹgẹ́ tí gbogbo nǹkan ń bí nínú wà pẹ̀lú, àwọn olóríire kan sì wà tí tiwọn wà ní déédéé. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ èyí tí ó jẹ́ tirẹ̀ kò ní láti ná kọ́bọ̀. Kí ó mú ọjọ́ kan tí iṣẹ́ kò pọ̀, kí ó fi ọṣẹ tí kò le bọ́jú, kí ó rọra fi aṣọ tẹ ojú gbẹ, kí ó má fi ìpara kankan sí i, kí ó sì jókòó síbi tí oòrùn kò dé, tí fáànù kò sì fẹ́ sí i lójú, fún wákàtí 1. Lẹ́yìn náà, kí ó mú tíṣù funfun, kí ó ya á sí wẹ́wẹ́, kí ó tẹ ọ̀kan mọ́ iwájú orí, òmíràn mọ́ imú, òmíràn mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún àti ti òsì, òmíràn mọ́ àgbọ̀n, kí ó sì gbé wọn sókè sí ìmọ́lẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibi tí òróró bá ti mú kí tíṣù náà mọ́ gaara, ibẹ̀ ni òróró wà. Bí gbogbo wọn bá rí bẹ́ẹ̀, awọ olóròóró ni. Bí kò bá sí ọ̀kankan tí ó rí bẹ́ẹ̀, tí ojú sì ń fà láti ìgbà tí ó ti jókòó, awọ gbígbẹ ni. Kí ó tún un ṣe nígbà ọyẹ́ àti nígbà òjò, nítorí awọ tí ń dán ní oṣù kẹfà lè máa re bí ìpẹ́ ẹja ní oṣù kìíní. Oyún a máa yí i padà, ọjọ́ orí náà a máa yí i padà: bí obìnrin bá ti dàgbà kọjá nǹkan oṣù ṣíṣe, òróró ojú rẹ̀ yóò dínkù, ọṣẹ tí ó bá a lára mu ní ìgbà èwe lè wá di ọ̀tá rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ awọ olóròóró, nítorí àwọn tí ó ni ín ni wọ́n ń jìyà jù lọ́wọ́ ara wọn. Bí ọmọ bá ti ń bàlágà, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí ń sọ ọmọkùnrin di géńdé, tí obìnrin náà sì ní díẹ̀ nínú rẹ̀, ni ó ń pàṣẹ fún àwọn kókó òróró pé kí wọ́n máa sun òróró sí i. Láti inú ni àṣẹ náà ti ń wá. Kò sí ọṣẹ tí ó lè dá a dúró. Ọmọ tí ó bá ń bọ́jú lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ nítorí pé ojú rẹ̀ ń dán kò dín òróró tí ń bọ̀ kù, orí awọ tí ń dáàbò bò ó ni ó ń fọ́. Ní ọdún 2006, àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde, nínú èyí tí wọ́n pín àwọn ọkùnrin tí irorẹ́ wọn kò tíì le jù sí ọ̀nà 3 fún ọ̀sẹ̀ 6: àwọn kan ń bọ́jú lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, àwọn kan lẹ́ẹ̀mejì, àwọn kan lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ìyàtọ̀ àárín wọn kò pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí ń bọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì ni ti wọn fúyẹ́ sí i, ti àwọn ẹlẹ́ẹ̀kan sì le sí i díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin kò fi èrè kankan kún ti ẹ̀ẹ̀mejì. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Ohun tí ó tún yẹ kí gbogbo òbí mọ̀ ni pé irorẹ́ kì í ṣe ẹ̀gbin. Mo ti gbọ́ tí ìyá ń bú ọmọ rẹ̀ ní gbangba pé nítorí pé kì í fọ ojú ni irorẹ́ ṣe bò ó, ọ̀rọ̀ yìí sì máa ń dùn mí, nítorí ìdájọ́ èké ni. Inú ihò irun ni irorẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀: awọ tí ó ti kú àti òróró á lẹ̀ mọ́ra, wọn á dí ẹnu ihò náà, kòkòrò tí ń gbé inú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ yóò sì máa pọ̀ sí i, ibẹ̀ á wú, á sì pọn. Èyí tí orí rẹ̀ dúdú, tí àwọn ènìyàn ń fi èékánná fún nítorí pé wọ́n rò pé ìdọ̀tí ni, kì í ṣe ìdọ̀tí. Àwọ̀ ara wa fúnra rẹ̀ àti òróró tí atẹ́gùn ti kàn ni ó dúdú bẹ́ẹ̀. Kànìnkànìn kò lè dé ibẹ̀. Ohun tí ó lè dé ibẹ̀ ni ohun tí ń yọ́ nínú òróró, ìdí sì nìyí tí àwọn dókítà fi ń yan ọṣẹ ìbọ́jú tí ó ní salicylic acid fún irú awọ yìí. Fún irorẹ́ tí ń pọn tí ń ṣọyún, wọ́n a máa yan benzoyl peroxide, èyí tí ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa bí ìdá 10, tí kò sì ta ni bí èyí tí ó pọ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ń lò ó má ṣe fi aṣọ aláràbarà nu ojú, nítorí ó máa ń ṣá aṣọ.

Fún àwa aláwọ̀ dúdú, ọ̀rọ̀ kan wà nínú ọ̀rọ̀. Níbi tí awọ wa bá ti bínú, yálà nítorí irorẹ́ ni o, tàbí nítorí èékánná, tàbí nítorí kànìnkànìn tí ó le, ó máa ń fi àpá dúdú sílẹ̀, àpá náà sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn tí irorẹ́ ti lọ tán. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń sáré kiri wá ìpara abóra nítorí àpá, ọwọ́ ara wọn ni ó dá a sílẹ̀. Mo sì fẹ́ kí ẹni tí irorẹ́ rẹ̀ tò yípo ibi tí irun orí ti pàdé iwájú orí bojú wo ìpara irun rẹ̀ kí ó tó bú ọṣẹ. Láti ọdún 1970 ni àwọn dókítà ti kọ ọ́ sínú ìwé pé òróró tí a fi ń pa irun máa ń ṣàn wá síwájú orí, tí ó sì ń dí ihò ibẹ̀. Kí ó fi ìpara náà mọ sí àárín orí, kí ó sì máa bọ́jú gbẹ̀yìn lẹ́yìn tí ó bá ti ṣan irun tán.

Awọ gbígbẹ ní ti rẹ̀, ìyà rẹ̀ a máa pọ̀ nígbà ọyẹ́, nígbà tí atẹ́gùn aṣálẹ̀ bá fẹ́ dé, tí ètè ń là, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọdé ń hu funfun. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ọṣẹ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, ní alẹ́, tó. Omi lásán tó ní òwúrọ̀. Kí ó sì tó di pé omi ojú náà gbẹ tán ni kí á ti fi ìpara sí i, nítorí ìpara kì í fún awọ lómi tó bí ó ti ń sé omi tí ó bá lórí rẹ̀ mọ́. Òrí tí àwọn obìnrin Òkè Ògùn ń pò, tí wọ́n ń kó wá láti ìhà Ṣakí, dára púpọ̀ fún iṣẹ́ yìí, bí a bá bu ìwọ̀nba, tí a fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì yọ́ ọ títí yóò fi di òróró, kí á tó fi tẹ ojú. Ẹni tí ó bá ní awọ olóròóró ni kí ó ṣọ́ra fún un. Àwọn ará wa Mùsùlùmí ní ìbéèrè kan tí kò kan àwọn yòókù: ẹni tí ń kírun 5 lójúmọ́, tí ó sì ń fọ ojú ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta nínú àlùwàlá kọ̀ọ̀kan, omi lè kan ojú rẹ̀ ní ìgbà 15 kí ó tó sùn lálẹ́. Omi tí kò lọ́ṣẹ kì í ba ojú jẹ́ bíi ti ọṣẹ, ṣùgbọ́n omi tí ó ń gbẹ lára léraléra nínú ọyẹ́ a máa bá omi inú awọ lọ. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ yọ ọṣẹ kúrò nínú ti òwúrọ̀, kí ó máa fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú gbẹ lẹ́yìn àlùwàlá, kí ó sì fi òrí tàbí ìpara bín-íntín sí i lẹ́yìn ìrun, pàápàá lẹ́yìn ti Súbúhì àti ti Iṣái.

Omi pàápàá yàtọ̀ síra wọn. Kànga kan wà tí omi rẹ̀ kì í jẹ́ kí ọṣẹ hó, tí èépá funfun kan yóò máa léfòó lórí rẹ̀. Ohun tí ó wà nínú omi náà àti ọṣẹ ni ó di pọ̀, yóò sì lẹ̀ mọ́ ojú bí a kò bá ṣàn án dáadáa. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni omi ẹ̀rọ Lọ́ńdọ̀nù rí, nítorí ilẹ̀ ẹfun ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń sun wá, ìdí sì nìyí tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa tí wọ́n débẹ̀ ń kọ̀wé sílé pé ojú wọn ti gbẹ, pé kí wọ́n bá wọn fi ọṣẹ dúdú ránṣẹ́. Òrí ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn, ẹ̀yin ìyá. Ọṣẹ ìbọ́jú tí kì í ṣe ọṣẹ gidi kì í dì mọ́ irú omi bẹ́ẹ̀, wọ́n sì lè rí i rà níbẹ̀.

Ẹni tí ó ní awọ àdàlù kò ní wàhálà púpọ̀: kí ó lo ọṣẹ tí kò le, kí ó fi ìka pẹ́ díẹ̀ sí i lórí imú àti iwájú orí, kí ó sì fi ìpara sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ju ibi yòókù lọ. Ẹni tí ó ní awọ ẹlẹgẹ́ ní tirẹ̀, kí ó sá fún lọ́fínńdà, kí ó sì máa fi ohun tuntun gbogbo dán ẹ̀yìn etí wò fún ọjọ́ bíi mélòó kan kí ó tó gbé e dé ojú.

Wàyí o, bí a ti ń bọ́jú gan-an. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. Ọwọ́ ni kí á sì kọ́kọ́ fọ̀, nítorí ọwọ́ tí ó ti ka owó, tí ó ti di ọ̀kadà mú, kò yẹ lójú. Kí omi náà má gbóná, kí ó má sì tutù jù. Omi gbígbóná a máa yọ́ ọ̀rá tí ó so awọ pọ̀. Bí àtíkè tàbí ohun ọ̀ṣọ́ bá wà lójú, kí á fi òwú tí a rẹ sínú àdín nù ún kúrò ná, nítorí òróró ni ń ká òróró. Nípa tìróò, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ó ti rí, pé òkúta òjé ni èyí tí ó jẹ́ ojúlówó rẹ̀, òjé sì jẹ́ májèlé, àgàgà fún ọmọdé, nítorí náà èyí tí ó dára jù ni kí á má lé e sí ojú ọmọ rárá. Kí ọṣẹ hó lọ́wọ́ kí ó tó dé ojú. Orí ìka ni kí á lò, kì í ṣe èékánná, kì í ṣe kànìnkànìn, kì í ṣe òkúta: kí á fi yípo pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láti iwájú orí sí ẹ̀gbẹ́ imú méjèèjì, sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, sí àgbọ̀n, sí abẹ́ etí, kí á sì fo ìpéǹpéjú. Ìṣẹ́jú 1 ti tó. Lẹ́yìn náà ni ṣíṣàn, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kánjú. Ẹ fi ọwọ́ kan abẹ́ àgbọ̀n yín àti ibi tí irun ti pàdé ojú, bí ó bá ṣì ń yọ̀, ọṣẹ ṣì wà níbẹ̀. Kí á fi aṣọ tẹ ojú gbẹ, kí á má nù ún bí ẹni nu tábìlì. Aṣọ náà kò gbọdọ̀ jẹ́ àjọlò gbogbo ilé, kí á sì máa sá a sí oòrùn. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. N kò rí ibi tí òwe náà ti wúlò ju orí ojú ènìyàn lọ.

Àwọn ìmọ̀ràn kan wà tí ń jà ràn-ìn láàárín ìlú tí mo fẹ́ kí ẹ dá padà sí ọwọ́ ẹni tí ó gbé e wá. Ọ̀kan ni pé kí á fi ọsàn wẹ́wẹ́ ra ojú: omi ọsàn náà kan kọjá ohun tí awọ lè gbà, bí oòrùn bá sì pa á lórí awọ, ó lè jó ni bí iná, kí ó sì fi àpá sílẹ̀. Ọ̀kan ni ọṣẹ ìfọyín lórí irorẹ́. Eyín ni wọ́n ṣe é fún. Ọ̀kan ni iyọ̀ tàbí ṣúgà tí a fi ń ha ojú. Ọ̀kan ni ọṣẹ tí wọ́n ń polówó pé ó ń pa kòkòrò gbogbo: ní ọdún 2016 ni ìjọba Amẹ́ríkà fi òfin de èròjà 19 tí wọ́n ń pò mọ́ irú ọṣẹ bẹ́ẹ̀ fún ìlò ará ilé, lára wọn ni triclosan, nítorí pé àwọn tí ń ṣe é kò lè fi hàn pé ó sàn ju ọṣẹ lásán àti omi lọ. Èyí tí ó burú jù ni ọṣẹ abóra. Mẹ́kúrì wà nínú àwọn kan nínú wọn, ó sì máa ń ba kíndìnrín jẹ́; àdéhùn àgbáyé kan tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 2013 ti kéde pé kí irú ìpara àti ọṣẹ bẹ́ẹ̀ kúrò lọ́jà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Yétúndé Olúmídé, tí ó ti ṣiṣẹ́ dókítà awọ ní ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì ti Èkó, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ̀wé lórí jàǹbá tí bíbó ara ń ṣe, ẹni tí ó bá sì ka iṣẹ́ rẹ̀ kò ní fi ọwọ́ kan ọṣẹ náà mọ́.

Bí ẹ bá ti ń bọ́jú bí mo ti là á sílẹ̀ yìí fún oṣù 2 tàbí 3, tí irorẹ́ kò dínkù, tàbí tí ojú ń yún, tí ó ń bó, tí ó ń ṣomi, tàbí tí irorẹ́ náà tóbi, tí ó ń dunni, tí ó sì ń fi ọ̀gbun sílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti ọṣẹ. Ẹ má ṣe lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ń po ìpara ní ìsọ̀. Ẹ lọ rí dókítà awọ. Wọ́n wà ní ilé ìwòsàn ńlá UCH ní Ìbàdàn, ní LUTH ní Ìdí-Àràbà ní Èkó, àti ní ilé ìwòsàn ńlá yunifásítì tí ó wà ní Ilé-Ifẹ̀. Kí ẹ sì kó gbogbo ọṣẹ àti ìpara tí ẹ ti lò dání lọ, pẹ̀lú páálí wọn, àní èyí tí ojú ń tì yín láti fi hàn, nítorí ohun tí dókítà yóò kọ́kọ́ béèrè nìyẹn.